Orí Sáwá

Sáwá kì í dá rìn. Mo fojú ara mi rí i nígbà tí mo wà ní Kòtónù, tí mo ń bá àwọn apẹja fa àwọ̀n létí òkun. Irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nígbà náà. Òkun á dákẹ́, lẹ́yìn náà ibì kan á máa hó bí omi tó wà lórí iná. Àwọn ẹyẹ á ya bò ó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ní, "Sáwá ti dé." Ẹja tí kò gùn ju ọwọ́ ènìyàn lọ ni, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ bí iyanrìn. Bí wọ́n bá yí, gbogbo wọn á yí lẹ́ẹ̀kan. Ikùn wọn á tàn yòò, omi á tún ṣókùnkùn. N kò rí olórí láàárín wọn rí.

Láti Kòtónù ni mo ti wá sí Niamey. Mo ta aṣọ títí ẹsẹ̀ fi kọ̀. Ọmọ mi, Mùtíù, ló ń tà á báyìí. Ìyàwó mi, Mọ́nsúrátù, ń ta sáwá.

Òkun jìnnà sí ibí. Odò ńlá wà, ó sì ní ẹja tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja odò kì í ṣe sáwá. Ẹni tó bá ti fi sáwá mọ ọbẹ̀ láti kékeré kì í gba àrọ́pò. Irú wọn pọ̀ ní Niamey: àwa Yorùbá, àwọn Fọ̀n, àwọn ará Tógò. Àwọn Zarma onílẹ̀ náà kọ́ ọ lọ́wọ́ wa. Ọ̀dọ̀ Mọ́nsúrátù ni gbogbo wọn ti ń rà á, lórí pẹpẹ kan ní ọjà Petit Marché, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alálùbọ́sà.

Ó ní àṣà kan tó jogún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò ní ta ẹyọ kan nínú apẹ̀rẹ̀ tuntun àfi tó bá kọ́kọ́ mú ọ̀kan, tó ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, tó jẹ orí rẹ̀ lójú oníbàárà. Kò kánjú jẹ ẹ́. Egungun á máa ró lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò pín ìyókù ẹja náà fún àwọn tó dúró. "Ẹnu mi ni ìwọ̀n mi," ló máa ń wí. Àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n. Wọn kì í na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ títí yóò fi gbé orí yẹn mì.

Láti Kòtónù ni sáwá yíyan ti ń wá, tí yóò gba Malanville, tí yóò kọjá lórí afárá ẹnubodè sí Gaya ní ilẹ̀ Niger. Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè, apẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà jíjìn yíká. Ohun tó ń dé kì í ṣe ẹja mọ́. Ìyẹ̀fun ni, pẹ̀lú kòkòrò. Mọ́nsúrátù ṣẹ́ orí kan, ó wò ó, ó dá gbogbo ẹrù padà fún onímọ́tò. Kò pẹ́ sí i ló ṣubú nínú àgbàlá wa ní àdúgbò Boukoki, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Ó lè jókòó lórí àga báyìí, ṣùgbọ́n kò lè rìn jìnnà. Pẹpẹ ṣófo.

Pẹpẹ tó bá ṣófo ní Petit Marché kì í pẹ́ kó tó rí ẹni tí yóò gùn ún. Hàjíà Àmínát ni àgbà àwọn obìnrin ìlà yẹn. Ó ránṣẹ́ sí wa pé òun bọ̀wọ̀ fún Mọ́nsúrátù, òun yóò dúró dè é títí di Iléyá. Bí kò bá sí ẹja lórí pẹpẹ ṣáájú Iléyá, alálùbọ́sà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà á. Alálùbọ́sà kò tilẹ̀ dúró. Ó ti gbé àpò kan lé etí pẹpẹ.

A jókòó sọ ọ́ nílé lẹ́yìn ìrun Alásàrì. Mùtíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kí Màmá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́," ó ní. "Ilé wà níbẹ̀, àwọn àbúrò wọn wà níbẹ̀." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, Hàwáù. "Ìyá Ànísátù, ìwọ àti ọmọ á bá wọn lọ, kí ẹ máa tọ́jú wọn. Èmi á máa wá wò yín."

Niamey ni wọ́n bí Hàwáù sí, nínú Boukoki yìí gan-an. Faransé ló fi kàwé. Ó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan kí ọ́fíìsì náà tó kógbá sílé, láti ìgbà náà ló ti jókòó sílé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà ìgbéyàwó rẹ̀.

"Bàbá Ànísátù, ta ni mo mọ̀ níbẹ̀?"

"Wọ́n á mọ̀ ẹ́."

"Pẹ̀lú Yorùbá mi yìí? Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Wọ́n ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbí náà," Mọ́nsúrátù wí lórí àga rẹ̀. "Ṣé o ti kú ni?"

Hàwáù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ fún mi ní pẹpẹ yín. Sáwá tútù wà nílé oníyìnyín, nínú páálí. Ọ̀nà ibòmíràn ni wọ́n ń gbé e gbà wá. Màá yan án fúnra mi."

"O ti yan ẹja rí?"

"Mo ti wò ó dáadáa lórí fóònù."

"Fóònù kì í gbóòórùn èéfín."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?" Mùtíù bi í.

"Tó bá bàjẹ́, màá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò ní jiyàn."

Gbogbo wọn wò mí. "Jẹ́ kó yan án," ni mo wí.

Hàwáù ra páálí méjì. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú yìnyín, ó gbé ọ̀kan. Kò ṣeé yan ní Boukoki. Ilé wa fún pọ̀ mọ́ra, ilé kéwú sì wà lẹ́yìn ògiri wa. Èéfín á lé àwọn ọmọ kúrò nídìí wàláà. Ìdrìsù, àgbẹ̀ kan tí mo ti mọ̀ tipẹ́, ní ọgbà létí odò ní Lamordé, ní òdìkejì afárá odò Niamey. Ó ní kí Hàwáù wá máa yan án níbẹ̀. Hàwáù gba àgbá epo tí wọ́n gé sí méjì, ó fi wáyà híhun bò ó lórí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá, nínú òkun, ta ló ń darí wọn?"

"Kò sẹ́ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tí wọ́n máa yí?"

"Kálukú ń wo ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Ó rò ó. "Tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ṣìnà ńkọ́?"

"Gbogbo wọn á bọ́ sínú àwọ̀n."

Ó gbé páálí rẹ̀, ó wọ tákísí.

Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n, irun rẹ̀ ń rùn fún èéfín. Ó ṣí apẹ̀rẹ̀ fún mi. Ẹja náà dára lójú. Ó gbẹ, ó pọ́n bí idẹ, kò sí èyí tó fọ́. Mọ́nsúrátù ti lo oògùn ìbàdí, ó sùn. Hàwáù kò jí i. Òun náà kò fẹnu kan ẹja. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbé e lọ sọ́jà.

Mo fi ọ̀pá tẹ̀lé e, mo jókòó lórí àpótí lẹ́yìn pẹpẹ. Mùtíù fi ìsọ̀ aṣọ sílẹ̀, ó wá dúró. Àwọn obìnrin ti gbọ́. Wọ́n pagbo. Ìgbà tí Iléyá bá ń bọ̀ ni ọjà sáwá máa ń yá jù, nítorí ẹni tó ń kó owó àgbò jọ kò ní ra ẹran. Hàfísátù ló wà níwájú, obìnrin Zarma tó ń ta ìrẹsì fún àwọn awakọ̀. Oníbàárà Mọ́nsúrátù ni láti ọjọ́ pípẹ́. Zarma ni wọ́n ń sọ, mo gbọ́ ọ.

"Akọ̀wé ti di ẹlẹ́ja!" ẹnì kan wí.

"Bóyá fóònù rẹ̀ ló máa bá a jẹ orí ẹja."

"Ẹ fi í sílẹ̀," Hàfísátù wí. "Hàwáù, ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, ìkòkò mi wà lórí iná."

Hàwáù mú ẹja kan. Ó ṣẹ́ ẹ, ó ró. Ó ju orí rẹ̀ sẹ́nu, ó rún un. Lẹ́yìn náà àgbọ̀n rẹ̀ dúró.

Mo mọ irú ojú yẹn. Ojú ẹni tó mu àgbo ibà ni.

Ó wo ọkọ rẹ̀. Mùtíù ṣẹ́jú sí i, ó mi orí díẹ̀. Mo rí i. Gbé e mì, ló ń wí. Apẹ̀rẹ̀ kún. Owó ti wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà. Bí ó bá gbé e mì, wọn ó rà á, wọn ó délé kí wọ́n tó mọ̀. Iléyá ti kù dẹ̀dẹ̀. Àpò àlùbọ́sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgúnpá rẹ̀.

Hàwáù tu orí ẹja náà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ má rà á," ó ní. "Ó korò."

Ó sọ ọ́ ní Zarma. Ó tún un sọ ní Faransé fún àwọn ará Tógò tó wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Bàbá, ó korò."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Alálùbọ́sà fi orúnkún ti àpò rẹ̀ sún mọ́ àárín pẹpẹ. Hàfísátù na ọwọ́, ó bu ẹja kan, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú sílẹ̀.

"Òótọ́ ni," ó ní. Ó wo Hàwáù títí. "Ìgbà wo lo máa yan òmíràn?"

"Mi ò mọ̀."

"Tó o bá mọ̀, ránṣẹ́ sí mi." Ó lọ sídìí ìkòkò rẹ̀.

A gbé apẹ̀rẹ̀ padà bó ṣe kún. Tákísí gbé wa dé Boukoki.

"O lè gbé e mì," Mùtíù wí.

"Mo lè gbé e mì."

"Kí ló wá dé?"

"Wọ́n ń wo ẹnu mi."

Mùtíù sanwó tákísí, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Mọ́nsúrátù ti jí nígbà tí a dé. Hàwáù gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo ti ba pẹpẹ yín jẹ́."

Mọ́nsúrátù mú ẹja kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gé e jẹ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bú sẹ́rìn-ín. A kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

"Igi wo lo fi yan án?"

"Igi tí wọ́n gé lójú títì. Ọlọ́mọlanke ló gbé e wá fún mi. Igi tó wà ní gbogbo ìlú yìí ni, Màmá."

"Dóńgóyárò!" Ó na itan ara rẹ̀, ó ké nítorí ìbàdí, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, àgbo lo sè fún wọn! Ẹni tó bá jẹ apẹ̀rẹ̀ yìí tán, ẹ̀fọn á máa sá fún un títí dé ọmọ ọmọ rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Dóńgóyárò ló ṣíji bo gbogbo òpópónà Niamey. Òun ni wọ́n fi ń dáná ní gbogbo ilé. Hàwáù kò mọ igi ìdáná mìíràn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

"Ṣebí òun náà la fi ń se oúnjẹ níbí," ó ní.

"Ìkòkò ní ìdérí. Ẹja tó wà lórí èéfín, ìhòòhò ló wà. Ohun tí èéfín bá gbé wá ló máa mu." Mọ́nsúrátù nu ojú rẹ̀. "O ò wá tọ́ ọ wò nílé?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń jẹ orí àkọ́kọ́ lójú ọjà, Màmá. Mo rò pé èèwọ̀ ni kéèyàn jẹ ẹ́ ṣáájú."

"Èèwọ̀ wo? Orí àkọ́kọ́ ti ojú ọjà nìyẹn! Èmi á ti jẹ mẹ́ta nílé kí n tó wọ tákísí. Kí lo rò pé ó mú mi sanra?"

Èmi ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti bá a gbé títí irun mi fi funfun, mo sì rò pé orí tí mo ń rí lọ́jà ni àkọ́kọ́.

Ó rẹ́rìn-ín tán. Ó wo Hàwáù.

"Ṣé lójú wọn lo ti tu ú?"

"Lójú gbogbo wọn."

"Tí àpò alálùbọ́sà sì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

Mọ́nsúrátù mi orí. Kò sọ pé ó ṣe dáadáa. Ó ní, "Páálí kejì dà?"

"Ó wà nínú yìnyín."

"Ẹ gbé mi lọ sí Lamordé."

"Màmá, ìbàdí yín ńkọ́?" Mùtíù wí.

"Ṣé ìbàdí ni wọ́n fi ń yan ẹja?"

Ní ọjọ́ kejì a gbé e pẹ̀lú àga rẹ̀ wọ ọkọ̀, a kọjá afárá. Ìdrìsù gbé e jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó kí i títí ó fi sú u. Ẹ̀ka máńgòrò gbígbẹ pọ̀ nínú ọgbà náà. Ìdrìsù gé e fún wa, kò gba nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi apẹ̀rẹ̀ ẹja kíkorò. Ó wa ilẹ̀ sídìí àwọn igi rẹ̀, ó sin ín síbẹ̀. Ó ní gbòǹgbò kò mọ ohun tó korò.

Hàwáù fọ ẹja, ó tò ó sórí wáyà, orí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Mọ́nsúrátù ń pàṣẹ láti orí àga.

"Iná yẹn ti jí jù. Bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Jẹ́ kó tòògbé."

"Báyìí, Màmá?"

"Èéfín yẹn ṣì nípọn. Dúró dè é. Ta ló ń lé ẹ?"

"Iléyá ló ń lé mi."

"Iléyá kì í jẹ ẹja. Dúró."

Hàwáù dúró. Ó yí wọn, ó tún yí wọn. Oòrùn ń kúrò lórí odò, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń padà wálé. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń nu ojú.

"Bàbá, ṣé òkun fẹ̀ tó odò yìí?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ rí òdìkejì rẹ̀?"

"Kò ní."

"Lọ́jọ́ kan, ẹ ó mú mi lọ wò ó."

"Tí wọ́n bá ṣí afárá Gaya," ni mo wí. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Mọ́nsúrátù sọ pé ó tó, ó jẹ mẹ́ta. Hàwáù náà jẹ mẹ́ta. Èmi jẹ ọ̀kan. Egungun rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu mi, epo rẹ̀ sì dùn. Mùtíù ti ti ìsọ̀, ó wá bá wa níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ na orí kan sí i.

"Jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ́. Ó na ọwọ́ mú òmíràn.

Ọ̀la ni Iléyá nígbà tí a tún padà sí Petit Marché. Igbe àgbò gba gbogbo àdúgbò. Àpò àlùbọ́sà ti dé àárín pẹpẹ. Hàwáù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ sí etí, níbi tó ṣẹ́kù. Hàfísátù nìkan ló ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n Hàfísátù kò dá wá. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí wà lẹ́yìn rẹ̀. Hàjíà Àmínát náà dúró ní ẹ̀yìn, ó ká ọwọ́ gbera.

"Akọ̀wé," ẹnì kan wí, "kí lo bá wa sè lónìí?"

"Ẹ dúró kí ẹ rí i."

Ó mú ẹja kan, ó ṣẹ́ ẹ. Ó ju orí rẹ̀ sẹ́nu. Gbogbo ojú wà lára ẹnu rẹ̀. Kò kánjú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń ró. Ó rún un kúnná, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó pín ìyókù ẹja náà sí wẹ́wẹ́, ó gbé e síwájú wọn.

Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Hàfísátù na ọwọ́ tààrà sínú apẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà.

"Ṣé o ò ní tọ́ ọ wò ni?" ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi í.

"Ó ti bá mi tọ́ ọ wò."

Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò ó. Òun náà na ọwọ́. Ìyókù yí lẹ́ẹ̀kan.

Mo sún àpótí mi sẹ́yìn kí wọ́n má baà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àílà, ìdí apẹ̀rẹ̀ ti hàn. Hàjíà Àmínát ń jẹ sáwá lórí ìdúró, ó ń ju ìrù rẹ̀ sílẹ̀. Alálùbọ́sà wò ó. Hàjíà kò dá ẹnu dúró, ó kàn fi àgbọ̀n tọ́ka sí àpò. Alálùbọ́sà bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ. Ó nu ibi tó wà pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró, kò lọ.

"Ṣé ó kù?" ó béèrè.

Hàwáù ti fi díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó mú un jáde. Alálùbọ́sà kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Jẹ orí rẹ̀," Hàwáù wí.

Ó jẹ ẹ́. Ó bu àlùbọ́sà sínú apẹ̀rẹ̀ Hàwáù, ó kọjá sí àyè rẹ̀.

Mùtíù ló gbé apẹ̀rẹ̀ náà padà sílé. Kò dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ọ̀nà. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ iye páálí tí yóò rà lẹ́yìn ọdún. Ó ní tí Iléyá bá kọjá, ẹran á ti sú gbogbo ìlú.

Mọ́nsúrátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè wá. Kò kí wa. Ó gba apẹ̀rẹ̀, ó kó àlùbọ́sà kúrò nínú rẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Ìpẹ́ díẹ̀ ló já bọ́.

Ó wo Hàwáù.

"Igi máńgòrò yẹn," ó ní, "ẹ bá Ìdrìsù sọ pé kó má tíì fún ẹlòmíràn."